Kí ẹ tó kọ sp³d

Àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lọ́dọ̀ mi ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ti mọ ìrísí mólékù díẹ̀ kí wọ́n tó dé. JAMB ti fi omi, ammonia àti methane dán wọn wò. Wọ́n mọ̀ pé mólékù omi tẹ̀ láàárín, pé ammonia ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ orí kan, pé apá mẹ́rin methane jìnnà síra wọn dọ́gba-dọ́gba. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá kọ PCl₅ sójú pátákó. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ fún wọn láti girama pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló ń wá, òun náà ló wá di kílórínì márùn-ún mú yìí. SF₆ (imí-ọjọ́ kan, flúórínì mẹ́fà) tẹ̀ lé e, XeF₄ (xenon kan, flúórínì mẹ́rin) tẹ̀ lé ìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti há sp³d àti sp³d² sórí (orúkọ tí ìwé ń fún àdàpọ̀ àyè ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù átọ́ọ̀mù àárín), wọ́n á sì wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé sp³d ni?”

Èsì mi ni pé ẹ fi sp³d sílẹ̀ ná. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti lọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra débi pé a kì í mọ èwo là ń dáhùn. Ìkíní ni pé ibo ni àwọn átọ́ọ̀mù dúró sí. Ìkejì ni pé kí ló so wọ́n mọ́ra. Tí a bá ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní méjì-méjì, a ó rí ìdáhùn ìkíní, á sì tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ tí à ń pè ní sp³d kò dáhùn ìkíní, ìdáhùn tó sì fún ìkejì kò dúró. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí ó wà nínú ìwé tí púpọ̀ nínú wa fi kẹ́kọ̀ọ́ yege. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ là á sílẹ̀ níbí, kí ẹni tí kò lè wá sí kíláàsì lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kíkà. Ẹ mú SF₄. Imí-ọjọ́ ló wà láàárín, ó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà ní ìpele òde. Flúórínì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan wá. Mẹ́fà àti mẹ́rin, mẹ́wàá. Ẹ pín mẹ́wàá sí méjì-méjì, ó di èjì márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn so flúórínì mẹ́rin, ọ̀kan ṣẹ́kù tí kò so ẹnikẹ́ni. Èyí tó ṣẹ́kù yìí ni ìwé ń pè ní lone pair. Èjì adáwà ni èmi ń pè é ní kíláàsì, torí pé ó tètè máa ń yé wọn bẹ́ẹ̀. Ìṣirò náà kò ju báyìí lọ. Bí mólékù bá ru agbára iná òdì (àmì ⁻), bíi I₃⁻, ẹ fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kún un: áyódínì àárín ní méje, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú ọ̀kan-ọ̀kan wá, òdì mú ọ̀kan, mẹ́wàá náà ni. Bó bá jẹ́ agbára rere, ẹ yọ ọ̀kan. Ọ́síjìn kì í mú ohunkóhun wá nínú ìṣirò yìí, torí èjì tí átọ́ọ̀mù àárín ti ní tẹ́lẹ̀ ló fi ń so ó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ wo XeO₃: xenon ní mẹ́jọ, ọ́síjìn kò mú nǹkan kan wá, èjì mẹ́rin. Mẹ́ta so ọ́síjìn, ọ̀kan dá wà. Ìrísí ammonia ni.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Sidgwick àti Powell ti ń sọ ọ́ láti 1940 pé iye èjì tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká ló ń darí ìrísí mólékù. Gillespie àti Nyholm, tí wọ́n jọ wà ní University College London, ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1957: èjì-èjì kì í fẹ́ sún mọ́ra, kálukú á wá ibi tó ti lè jìnnà sí èkejì jù.

Bàlúùnù ni mo fi ń fi èyí hàn, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Tákíé fún ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé. A ó fẹ́ wọn kí wọ́n tóbi dọ́gba, a ó so ọrùn wọn pọ̀. Tó bá jẹ́ méjì, wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn. Mẹ́ta á tẹ́ bẹẹrẹ ní igun 120°. Mẹ́rin á dúró bíi methane gan-an, kò sí ẹni tó tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni márùn-ún. Mẹ́ta á yí ìbàdí ká, ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Trigonal bipyramid ni wọ́n ń pe ìrísí náà. Ọmọbìnrin kan láti Ìkòyí-Ilé ló so márùn-ún náà lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ó gbé e lọ́wọ́, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àwọn mẹ́ta yìí kò jọ àwọn méjì yìí. Àyè wọn kò dọ́gba.”

Inú mi dùn débi pé mo ní kí gbogbo wọn dáwọ́ dúró kí wọ́n wá wò ó. Ohun tó rí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nínú methane, ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kò sí èyí tó sàn ju èkejì lọ. Nínú SF₆, ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè to nǹkan márùn-ún yí ojú kan ká kí wọ́n jìnnà síra tó báyìí kí ibi wọn sì rí bákan náà. Àwọn mẹ́ta ìbàdí wà ní 120° síra wọn, àwọn tó sún mọ́ wọn gan-an ní 90° kò ju méjì lọ. Ẹni tó wà lórí òpó, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀, mẹ́ta ló ká a mọ́ ní 90°. Ibi ìbàdí láyè jù.

Ta ló wá yẹ kó gba ibi tó láyè? Èjì adáwà ni. Okùn tí èèyàn méjì fà ní orí méjèèjì á na tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo dì mú á ká jọ síwájú rẹ̀. Èjì tó so átọ́ọ̀mù méjì pọ̀, ojú méjì ló ń fà á. Èjì adáwà, ojú kan ni, nítorí náà ó fẹjú, ó sì ń ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú SF₄ ó bọ́ sí ìbàdí. Flúórínì méjì wà lórí òpó, méjì kù ní ìbàdí, èyí tí wọ́n ń pè ní see-saw. Ẹ sì lè rí ọwọ́ èjì adáwà náà nínú ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n: igun láàárín flúórínì méjì ti ìbàdí, tó yẹ kó jẹ́ 120°, kò ju 101.6° lọ, àwọn ti òpó, tó yẹ kí wọ́n wà ní 180°, wà ní nǹkan bíi 173°. Ó tì wọ́n.

ClF₃: méje àti mẹ́ta, mẹ́wàá, èjì márùn-ún, méjì dá wà. Àwọn méjèèjì lọ sí ìbàdí, flúórínì mẹ́ta tó kù wá dúró bíi lẹ́tà T, àmọ́ ọwọ́ T náà rọ̀ díẹ̀, igun rẹ̀ jẹ́ 87.5° dípò 90°. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ yà á bí onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ torí pé flúórínì mẹ́ta ni. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka èjì, kí wọ́n tó ka flúórínì.

XeF₂ ni èyí tó kẹ́yìn nínú ìdílé yẹn, òun ló sì ń dùn mọ́ mi jù láti kọ́ wọn. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa ní girama pé xenon àti àwọn gáàsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Ní 1962, ní Vancouver ní Kánádà, Neil Bartlett rí i pé platinum hexafluoride lágbára débi tó fi gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọ́síjìn. Ó wo ìwé, ó rí i pé agbára tí a nílò láti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ xenon fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti mólékù ọ́síjìn dọ́gba: 12.13 eV sí 12.07. Ó dán an wò, xenon sì gbà. Lọ́dún kan náà, wọ́n ṣe XeF₄ ní iléeṣẹ́ ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà, Hoppe àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ṣe XeF₂ ní Jámánì. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ mi pé ohun tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà méjì tó wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí.

Xenon ní mẹ́jọ, flúórínì méjì mú méjì wá, mẹ́wàá. Èjì adáwà mẹ́ta gba ìbàdí pátápátá. Flúórínì kò ní ibòmíràn ju òpó lọ. Mólékù náà wá gún gbọọrọ. I₃⁻ tí a kà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà kan náà ló gbà gún.

Ti èjì mẹ́fà yá kíákíá. BrF₅ (bromine àti flúórínì márùn-ún) ní èjì adáwà kan. Níbikíbi tó bá jókòó, bákan náà ni, torí ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Flúórínì mẹ́rin á tẹ́, ọ̀kan á dúró lórí. XeF₄ ní méjì. Wọ́n kọjú síra, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, flúórínì mẹ́rin tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín. SF₆ kò ní adáwà kankan.

Mi ò fẹ́ fi SF₆ sílẹ̀ láìfi í wé SF₄, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí i pé ìrísí kì í ṣe àwòrán ìdánwò lásán. Flúórínì mẹ́fà bo imí-ọjọ́ mọ́lẹ̀ yíká nínú SF₆, kò sí ihò tí omi lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà gáàsì yẹn kì í fẹ́ bá ohunkóhun jà. Àwọn iléeṣẹ́ iná lágbàáyé ń fi í sínú ohun èlò tó ń já iná alágbára ńlá, nítorí kì í jẹ́ kí iná fò láti ojú kan sí òmíràn. Ìfaradà yẹn kan náà ló sọ ọ́ di ewu fún ojú ọjọ́: tó bá tú jáde, kì í tètè parẹ́, ó sì ń mú ooru mọ́lẹ̀ ju carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbàáwàá. SF₄ ńkọ́? Ìbàdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níbi tí èjì adáwà wà. Kí ó sáà ti kan omi, hydrogen fluoride á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Imí-ọjọ́ kan náà, flúórínì kan náà, ìrísí ló yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibí yìí, mi ò tíì lo sp³d fún ohunkóhun. A ti mọ ìrísí gbogbo wọn.

Ibi tí sp³d ti wá rèé. Ní 1931, Linus Pauling fi hàn pé a lè da orbital s àti p (àyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé yí átọ́ọ̀mù ká) pọ̀ kí wọ́n lè kọjú sí ibi tí ìdè wà. Fún methane, ọ̀kan s àti mẹ́ta p di mẹ́rin tó dọ́gba. Ó gbéṣẹ́. Nígbà tó kan àwọn bíi PCl₅ àti SF₆, ibi mẹ́rin kò tó, wọ́n wá mú d kún un: d kan fún ibi márùn-ún, d méjì fún ibi mẹ́fà. Ó rí rẹ́gí lórí pépà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe nínú ìdánwò: a ka èjì, a rí márùn-ún, a wá kọ sp³d sílẹ̀ nítorí pé a rí márùn-ún. Orúkọ náà ẹ̀yìn ìrísí ló ti wá. Kò sọ ohun tí a kò tíì mọ̀ fún wa. Ẹni tó bá ní “ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé sp³d ni” ti yí i po.

Ìṣòro kejì burú ju ìyẹn lọ. Orbital 3d ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ti imí-ọjọ́ jìnnà sókè ní agbára sí 3s àti 3p, ó sì fẹ̀ kọjá ibi tí ìdè wà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà lágbára tó láti ṣe ìṣirò náà dáadáa, wọ́n rí i pé d kò kópa nínú ìdè náà bí a ti rò. Iṣẹ́ Magnusson ní 1990 wà lára èyí tó fi í hàn kedere: d tí wọ́n ń fi sínú ìṣirò wúlò láti tún ìrísí s àti p ṣe díẹ̀, kì í ṣe ilé tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń kó lọ gbé.

Kí ló wá so wọ́n? Ìdáhùn náà ti wà láti 1951. Pimentel àti Rundle dé ibẹ̀, kálukú lọ́nà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe XeF₂ rárá. Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú mi níbí, torí òjò máa ń rọ̀ sórí páànù wa nígbà tí mo bá dé ibi yìí, mo sì máa ń ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ mú XeF₂ tó gún gbọọrọ. Xenon ní orbital p kan tó na ọwọ́ sí flúórínì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Flúórínì kọ̀ọ̀kan ní p tirẹ̀ tó kọjú sí xenon. Orbital mẹ́ta wọlé, mẹ́ta ní láti jáde: ọ̀kan ń fa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ọ̀kan kò fà kò tì, ọ̀kan ń tú wọn ká. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà láti pín sínú wọn, méjì láti ọ̀dọ̀ xenon, ọ̀kan-ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ flúórínì. Méjì wọ èyí tó ń fà. Méjì wọ èyí tí kò fà tí kò tì. Èyí tó ń tú ká ṣófo. Èjì kan ṣoṣo ló wá ń ṣe iṣẹ́ ìdè méjì, ìdè kọ̀ọ̀kan gba ìdajì. Èjì kejì, èyí tí kò fà tí kò tì, orí flúórínì méjèèjì ló ń gbé; kò sí nǹkankan rẹ̀ lórí xenon. A kò fọwọ́ kan d. Xenon kò sì nílò láti kó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́wàá jọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ padà sí PCl₅ pẹ̀lú ojú yìí. Àwọn kílórínì mẹ́ta ìbàdí ní ìdè gidi, s kan àti p méjì ló ń sìn wọ́n. P kan tó ṣẹ́kù ló dúró lórí òpó, òun náà ló ń sin kílórínì méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀, bí ti XeF₂. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdè òpó kò gbọdọ̀ lágbára tó ti ìbàdí, ó sì gbọ́dọ̀ gùn jù ú lọ. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n: ti ìbàdí jẹ́ 202 pm (picometre, ìwọ̀n gígùn tó kéré gan-an), ti òpó jẹ́ 214. Ẹ lọ wo SF₄: ìbàdí 154.5, òpó 164.6. ClF₃: ìbàdí 159.8, òpó 169.8. PF₅: ìbàdí 153, òpó 158. Nínú gbogbo wọn, òpó ló gùn jù. Nígbà tí mo bá kọ àwọn nọ́ńbà yìí sójú pátákó lẹ́sẹẹsẹ, mo máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà dí wọn lójú.

Ẹni tó mọ̀wé lè bi mí pé sp³d náà kò sọ pé àwọn márààrún dọ́gba, pé sp² mẹ́ta àti pd méjì ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pd méjì yẹn ṣì nílò d tó wọ inú ìdè dáadáa, d kò sì sí níbẹ̀. Ohun tó tún wà níwájú rẹ̀ ni ìbéèrè yìí: kí ló dé tí a ní PF₅ àti PCl₅, tí a kò rí PH₅ nínú ìgò rí? Kí ló dé tí SF₆ wà tí SH₆ kò sí? Tó bá jẹ́ pé d ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ṣí bí ilẹ̀kùn ni, hydrogen yẹ kó lè wọlé bí àwọn yòókù. Ìdè òpó ni ìdáhùn: èjì tí kò fà tí kò tì gbọ́dọ̀ gbé lórí àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́, nítorí náà àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwọra ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Flúórínì ni olórí wọn. Hydrogen kò ní ìwọra tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ náà ni a ti mọ ìrísí PCl₃F₂: flúórínì méjèèjì lọ sí òpó, kílórínì mẹ́ta gba ìbàdí. Bent ti sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1961. Kíkà èjì nìkan kì bá tí sọ èyí fún wa.

Ọmọ Ìkòyí-Ilé yẹn bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n má kọ sp³d mọ́ nìyẹn? Wọ́n á gbé òdo fún mi o.” Mo ní kó kọ ọ́. Tí ìdánwò bá bèèrè hybridization (àdàpọ̀ orbital), èjì márùn-ún ni sp³d, èjì mẹ́fà ni sp³d², kó kọ ọ́ kedere kó gba máàkì rẹ̀. Kó sáà mọ̀ pé àmì tí à ń fi sára ìrísí ni, kó má lọ fi ṣe ìdí. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, kó sọ̀rọ̀ èjì tó ń ti ara wọn àti èjì tí átọ́ọ̀mù mẹ́ta ń pín. Ó wù mí kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ wa fi èyí sínú rẹ̀. Kò le ju ohun tí àwọn ọmọ yìí ti ń há sórí lọ, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n lè sọ ohun tí wọn kò tíì kà rí.

Nǹkan méjì péré kù tí mo fẹ́ fi kún PCl₅, torí wọ́n máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Àkọ́kọ́, ìrísí tí a ń yà fún un, ti mólékù rẹ̀ nínú gáàsì ni. Ẹni tó bá ti ṣí ìgò rẹ̀ rí ní àkókò òjò mọ̀ pé nǹkan líle tó funfun, tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ ni, tó ń rú èéfín funfun nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kàn án. Nínú nǹkan líle yẹn, kò sí PCl₅ tó dá dúró. Ọ̀kan ti já kílórínì kan fún èkejì: PCl₄⁺ tó rí bíi methane, àti PCl₆⁻ tó rí bíi SF₆. Ẹ kà wọ́n, ẹ ó rí i: márùn-ún àti mẹ́rin jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ yọ ọ̀kan nítorí agbára rere, èjì mẹ́rin. Márùn-ún àti mẹ́fà, ẹ fi ọ̀kan kún un nítorí òdì, èjì mẹ́fà.

Èkejì: bí òpó àti ìbàdí bá yàtọ̀ báyìí nínú PF₅, ó yẹ kí ẹ̀rọ NMR, tó ń fi ìyàtọ̀ ipò àwọn átọ́ọ̀mù hàn, rí irú flúórínì méjì. Irú kan ṣoṣo ló ń rí. Kì í ṣe pé ìrísí náà kò tọ̀nà o. Mólékù náà kì í dúró jẹ́ẹ́. Àwọn méjì òpó á tẹ̀ wọnú, méjì nínú ti ìbàdí á ṣí síta, wọ́n á pààrọ̀ ipò, ó sì ń yá ju ohun tí ẹ̀rọ náà lè tẹ̀ lé lọ. Berry ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1960. Àwọn tó ní bàlúùnù lọ́wọ́ lè ṣe é fúnra wọn: ẹ di ọ̀kan nínú ti ìbàdí mú, ẹ tẹ àwọn méjì òpó síwájú díẹ̀, ẹ ó rí àwọn méjì yòókù tí wọ́n á bọ́ sí òpó.

Kíkà èjì ní ibi tó ti ń kọsẹ̀. XeF₆ ní èjì méje, mẹ́fà so flúórínì, ọ̀kan dá wà, mólékù rẹ̀ nínú gáàsì sì wọ́ díẹ̀ kúrò ní ìrísí SF₆, bí ẹni pé èjì adáwà náà ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ìyẹn bá òfin mu. Ṣùgbọ́n TeCl₆²⁻ (tellurium àti kílórínì mẹ́fà) náà ní èjì méje, kílórínì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ sì dúró dọ́gba-dọ́gba láìsí ibi tó wọ́. Èjì adáwà rẹ̀ ti wọnú s lọ, kò ti ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì wọ̀nyí ni a ó gbé sórí tábìlì ní Sátidé. Kí kálukú ti ka ICl₄⁻, BrF₃ àti IF₇ kó tó dé, kó sì yà wọ́n sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú èjì adáwà wọn.